Bí ẹ ṣe lè múra fún ìdánwò DP-700 láì ra expo

DP-700 ni ìdánwò tí Microsoft fi ń fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí Fabric Data Engineer Associate. Fabric ni pẹpẹ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Microsoft ṣe fún iṣẹ́ dátà. Iṣẹ́ tó dá lé lórí ni bí a ṣe ń kó dátà láti oríṣiríṣi ibi, tí a ó tún un ṣe, tí a ó sì gbé e sí ibi tí ẹni tó nílò rẹ̀ ti máa rí i lò. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ DP-203, ìdánwò data engineer tó wà tẹ́lẹ̀, látẹ̀yìn wá, ẹ gbàgbé ìyẹn. Microsoft ti pa á tì láti ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2025, ẹni tó bá ṣì ń ta ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún yín, owó yín ló ń wá. DP-600 náà wà. Orúkọ wọn jọra, iṣẹ́ wọn ò jọra: DP-600 wà fún àwọn tó ń ṣe semantic model, ìpìlẹ̀ tí ìjábọ̀ Power BI dúró lé, wọ́n sì máa ń bi wọ́n ní DAX, èdè ìṣirò Power BI. DP-700 ò béèrè DAX lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. SQL (èdè tí a fi ń bi database léèrè), PySpark (Python fún dátà ńlá) àti KQL (èdè fún dátà tó ń wọlé láìdúró) ló ń béèrè.

Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo sì ti jókòó ti àwọn àbúrò bíi mélòó kan tí wọ́n fẹ́ kọ ìdánwò náà. Àwọn tó kùnà nínú wọn kì í ṣe olódo rárá. Wọ́n mọ ohun tí pipeline jẹ́ (ètò tó ń gbé dátà láti ibì kan dé ibòmíràn), wọ́n lè ṣàlàyé lakehouse (ibi tí a ń kó fáìlì àti tábìlì pọ̀ sí) fún ìyá ìyá wọn. Ṣùgbọ́n ìdánwò yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ bini pé kí ni nǹkan kan jẹ́. Ohun tó máa ń ṣe ni pé ó máa to nǹkan mẹ́rin síwájú yín, á ní ilé iṣẹ́ kan ò fẹ́ kọ kóòdù, dátà wọn wà nínú kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì wọn, wọ́n sì fẹ́ ná owó díẹ̀: èwo lẹ ó lò? Ẹni tí kò bá tíì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é rí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa jọ òótọ́ lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹ kọ́ nǹkan kékeré kan fúnra yín, pẹ̀lú dátà tí ẹ mọ ẹni tó ni ín, kí ẹ sì bà á jẹ́ kí ẹ lè rí bó ṣe ń bàjẹ́. Ìyókù ìmọ̀ràn mi, ẹ̀ka ara ìyẹn ni.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti expo kí n tó tẹ̀síwájú. Wọ́n ń tà á káàkiri lórí WhatsApp àti Telegram, wọ́n ń pè é ní dumps. Òfin Microsoft ò fàyè gbà á: wọ́n lè gba ìwé ẹ̀rí padà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá mú, wọ́n sì lè ní kó má kọ ìdánwò wọn kankan mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìdáhùn tó wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀ ò tọ̀nà. Fabric ń yí padà lóṣooṣù, ohun tí kò ṣeé ṣe lọ́dún tó kọjá ti ṣeé ṣe báyìí. Ẹ ó kàn fi owó ra àṣìṣe ẹlòmíràn, ẹ ó wá há a sórí.

Kí 60 ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà

Ọ̀fẹ́ ni Microsoft ń jẹ́ kí èèyàn lo Fabric fún 60 ọjọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò gba Gmail tàbí Yahoo, ímeèlì iṣẹ́ tàbí ti ilé ìwé ló ń gbà. Bí ọ́fíìsì yín bá ń lo Microsoft 365, ẹ lọ bẹ àwọn IT, àwọn ló ní àṣẹ láti tì í tàbí ṣí i. Bí ẹ ò bá ní irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí account ọ̀fẹ́ lórí Azure, iṣẹ́ cloud ti Microsoft, ẹ wọ Entra ID tó wà nínú rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò orúkọ àwọn user, ẹ dá user tuntun tí orúkọ rẹ̀ parí sí onmicrosoft.com sílẹ̀, kí ẹ wá fi orúkọ yẹn wọ Fabric. Azure máa béèrè káàdì báńkì. Káàdì náírà mìíràn máa ń kọ̀ fún wọn, ẹ kọ́kọ́ dán ti báńkì míì wò kí ẹ tó bínú.

Ẹ má tíì tẹ bọ́tìnì trial yẹn lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Fabric o. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni aago ti ń kà, bóyá iná wà ládùúgbò yín tàbí kò sí. Ẹ kọ́kọ́ lo bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí Microsoft Learn, níbi tí ẹ̀kọ́ DP-700 wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá study guide rẹ̀ níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà, kí ẹ máa fi bírò sàmì sí èyí tí ẹ ti fọwọ́ ṣe, kì í ṣe èyí tí ẹ kàn kà. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: ètò àti àbójútó ibi iṣẹ́ náà, kíkó dátà wọlé àti títún un ṣe, àti ṣíṣọ́ ọ pẹ̀lú mímú kó yá. Ìdá 30 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí náà kò sí èyí tí ẹ lè fò. Apá kejì ló dùn mọ́ àwọn èèyàn jù. Apá kẹta ni mo rí i pé wọ́n máa ń fi sílẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Ìwé àwìn ará Gbági

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta aṣọ ní Gbági Tuntun. Ó ní ìwé ńlá kan tó ń kọ ọjà sí, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ a sì máa tẹ̀ ẹ́ sínú Excel bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Dátà yẹn ni mo ń fún àwọn àbúrò wọ̀nyí láti fi ṣiṣẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti pààrọ̀ orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo oníbàárà, torí gbèsè ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tí à ń gbé káàkiri. Ọjọ́, oníbàárà, nọ́ńbà fóònù, àdúgbò, irú aṣọ, iye yáàdì, owó, iye tó kù: kọ́lọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí dátà lè dá ló wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà kan náà wà níbì kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0803, ó wà níbòmíràn pẹ̀lú +234803, Excel sì ti jẹ òdo iwájú rẹ̀ níbòmíràn tó fi ku 803. Ìyá Sikiru, Iya Sikiru, Mama Sikiru: èèyàn mélòó nìyẹn? 05/04, ṣé oṣù kẹrin ni àbí oṣù karùn-ún?

Tí ẹ bá ní ẹni tó ń tajà tàbí tó ń kó àjọ, ẹ lọ gba ti tirẹ̀. Bí ẹ bá fi dátà tí Microsoft ti fọ̀ mọ́ sílẹ̀ ṣeré, ẹ ò ní rí ìyà kankan, ìyà yẹn gan-an ni wọ́n sì fẹ́ bi yín.

Ẹ gbé fáìlì náà sínú lakehouse bó ṣe rí, láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní bronze. Ẹ wá ṣí notebook, ojú ewé tí a ti ń kọ kóòdù, kí ẹ fi PySpark tún un ṣe: withColumn fún nọ́ńbà fóònù, to_date fún ọjọ́ pẹ̀lú dd/MM/yyyy, dropDuplicates fún àwọn ìlà tí ọmọ iṣẹ́ tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ni silver. Lẹ́yìn náà ẹ kó èyí tó ti mọ́ lọ sínú warehouse, ibi ìpamọ́ tábìlì tí a ń fi SQL ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ẹ pín in sí tábìlì ọjà tí a tà àti tábìlì àwọn oníbàárà. Ìyẹn ni gold. Mo mọ̀ pé gbogbo ẹni tó ń kọ́ni ló fẹ́ràn àwòrán bronze, silver àti gold yìí, tí wọ́n á yà á bí ẹni ń ya àmì ọba. Kò ju orúkọ lọ. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí èyí tó wọlé bó ṣe rí ṣì wà níbẹ̀ bí ẹ bá nílò láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Bí ẹ bá ti parí rẹ̀, ẹ tún ìfọ̀mọ́ yẹn kan náà ṣe pẹ̀lú Dataflow Gen2, tó ń lo Power Query, láìkọ kóòdù kankan, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta pẹ̀lú T-SQL, SQL ti Microsoft, nínú warehouse. Ó máa sú yín. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, tí wọ́n bá ní ẹgbẹ́ kan mọ Power Query tí wọn ò mọ Python, ọwọ́ yín á ti wà lórí ìdáhùn kí ẹ tó ka ìbéèrè tán. Ẹ gbìyànjú láti fi UPDATE yí ìlà kan padà láti SQL analytics endpoint, ẹnu ọ̀nà tí a fi ń lo SQL lórí lakehouse. Ó máa kọ̀ fún yín, torí kíkà nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ nínú warehouse, ó máa gbà. Ohun tó ti kọ̀ fún èèyàn lójúkojú, kì í tètè gbàgbé ẹ̀.

Ó wá kan incremental load, kíkó dátà tuntun nìkan wọlé, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, pipeline yín kó gbogbo ìlà wọlé. Láti ọjọ́ kejì, èyí tó jẹ́ tuntun nìkan lẹ fẹ́. Ẹ ó ní tábìlì kékeré kan tó ń pa ọjọ́ tó gbẹ̀yìn tí ẹ kó dátà mọ́, òun ni watermark. Lookup activity máa ka ọjọ́ yẹn, Copy activity máa kó gbogbo ìlà tí ọjọ́ rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tó bá parí, pipeline á ti watermark síwájú. Ó dára, ó mọ́gbọ́n wá.

Ẹ wá wo èyí. Ìyá Sikiru ra yáàdì mẹ́fà ní ọjọ́ Ajé, ó san ìdajì owó. Ó dé ní ọjọ́ Ẹtì, ó san ìyókù. Ọmọ iṣẹ́ padà sí ìlà ọjọ́ Ajé nínú Excel, ó sọ iye tó kù di òdo. Ọjọ́ Ajé ló ṣì wà lórí ìlà yẹn, watermark yín sì ti kọjá ọjọ́ Ajé láti ọjọ́ yìí wá. Pipeline máa ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kò ní bojú wo ìlà náà rárá. Kò ní sí error, àmì àṣeyọrí lẹ ó rí láti òkè délẹ̀. Nínú warehouse yín, Ìyá Sikiru ṣì jẹ gbèsè, ẹ̀gbọ́n mi á sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà obìnrin tó ti sanwó tán.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí watermark dúró lé ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kan ìlà gbẹ̀yìn, kì í ṣe ọjọ́ tí ọjà wáyé. Ìyẹn nìkan ò sì tó. Bí ẹ bá fi append, ìyẹn kíkún un sísàlẹ̀ lásán, kọ ìlà tó yí padà yẹn wọlé, yóò di méjì, ọ̀kan ní gbèsè, ọ̀kan ò ní. MERGE lẹ ó lò: bí ìlà náà bá ti wà, kó tún un ṣe, bí kò bá sí, kó fi í kún un. Ìlà tí wọ́n bá pa rẹ́ pátápátá ńkọ́? Watermark kankan ò lè rí i, torí ohun tí kò sí mọ́ ò ní ọjọ́. Bí tábìlì náà bá kéré bíi ti Gbági yìí, ẹ kúkú máa kó gbogbo rẹ̀ wọlé lójoojúmọ́, ẹ fi overwrite kọ ọ́ lé ti tẹ́lẹ̀ lórí. Nínú ìdánwò, ẹ máa wo bí dátà ṣe tóbi tó àti bóyá ìlà àtijọ́ lè yí padà, kí ẹ tó mú ìdáhùn tó ní ọgbọ́n jù.

Ìyá Sikiru ò tíì lọ. Ó kó kúrò ní Mókọ́lá lọ sí Àkóbọ̀. Bí ẹ bá pa Mókọ́lá rẹ́ tí ẹ kọ Àkóbọ̀ sí i, SCD Type 1 nìyẹn (SCD ni ọ̀nà tí a fi ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀). Bí ẹ bá fi ọjọ́ ìparí sí ìlà Mókọ́lá, tí ẹ ṣí ìlà tuntun fún Àkóbọ̀, Type 2 nìyẹn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ máa hàn nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá béèrè pé àdúgbò wo ló rajà jù lọ́dún tó kọjá. Pẹ̀lú Type 1, gbogbo aṣọ tí obìnrin náà rà nígbà tó ń gbé Mókọ́lá ti kó lọ sí Àkóbọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìlà méjì sì ti wà fún ẹnì kan, nọ́ńbà oníbàárà ò tó mọ́ láti fi dá ìlà mọ̀, ẹ nílò surrogate key, nọ́ńbà tí ẹ fúnra yín fún ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ní báyìí, ẹ bà á jẹ́. Ẹ yí orúkọ fáìlì padà. Ẹ yọ kọ́lọ́ọ̀mù kan kúrò. Ẹ kọ "ó kù díẹ̀" síbi tó yẹ kí owó wà. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kò mọ̀ pé òun ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti yege. Ẹ wo ohun tí pipeline ṣe nínú Monitoring hub, ibi tí Fabric ti ń fi bí iṣẹ́ ṣe lọ hàn, ẹ ka error náà títí dé ìsàlẹ̀, ẹ fi ọ̀nà On fail kún un kó máa fi ímeèlì ránṣẹ́ sí yín, ẹ ṣètò retry kó lè tún gbìyànjú fúnra rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé On completion máa ń ṣiṣẹ́ bóyá ó dára tàbí kò dára, On success kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ti ká apá kẹta ìdánwò náà mọ́lé dáadáa.

Ohun kan tún wà nínú apá kẹta yẹn. Bí ẹ ṣe ń kó dátà wọlé lálaalẹ́, fáìlì wẹ́wẹ́ á máa pọ̀ lábẹ́ Delta table yín, irú tábìlì tí Fabric ń lò, kíkà rẹ̀ á sì máa falẹ̀. OPTIMIZE ló ń pa wọ́n pọ̀ di ńlá. VACUUM ló ń kó àwọn fáìlì àtijọ́ tí tábìlì ò lò mọ́ dànù, ọjọ́ méje ló sì máa ń dúró kó tó kà wọ́n sí àtijọ́ àyàfi bí ẹ bá yí i padà. Bí ẹ bá ti kó wọn dànù, ẹ ò lè padà lọ wo bí tábìlì náà ṣe rí ṣáájú ìgbà yẹn mọ́. Iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀ síra, àwọn èèyàn sì máa ń pa wọ́n pọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí shortcut, mirroring àti copy dà rú mọ́ yín lójú pẹ̀lú. Shortcut dà bí ìgbà tí èèyàn ń wo bọ́ọ̀lù láti ojú fèrèsé aládùúgbò: ẹ̀ ń rí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ò sí nílé yín, bí onílé bá pa á, ó parí. Mirroring ń gbé ẹ̀dà database náà wá sínú OneLake, ibi ìpamọ́ dátà Fabric, ó sì ń tẹ̀lé e bó ṣe ń yí padà. Copy ń gbé ohun tó wà níbẹ̀ lásìkò yẹn nìkan. Tí ìbéèrè bá ti ní wọn ò fẹ́ ẹ̀dà dátà kejì níbikíbi, shortcut ni kí ọkàn yín kọ́kọ́ lọ sí. Tí dátà bá wà nínú kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì wọn, ẹ ronú gateway, afárá tó wà láàárín kọ̀ǹpútà wọn àti Fabric.

KQL àti àwọn nǹkan tó kù

Ọ̀pọ̀ wa ló ti mọ SQL láti ilé ìwé, Python náà ti di ẹni mímọ̀. KQL ni àlejò, ó sì máa ń fi ojú èèyàn gbolẹ̀ torí pé ó rọrùn láti kà. Ó wà fún dátà tó ń wọlé láìdúró, tí eventstream, ọ̀nà tó ń gbà wọlé, ń gbé wọ inú eventhouse, ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ rò ó bíi àwọn owó tó ń wọlé lórí POS ẹ̀gbọ́n mi láti àárọ̀ di alẹ́:

Tita
| where Owo > 50000
| summarize Apapo = sum(Owo) by bin(Asiko, 1h)

Èyí ń mú owó tó ju 50,000 náírà lọ, ó sì ń ṣírò àpapọ̀ rẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ irú rẹ̀ títí tí ẹ ò fi ní wo ibì kan mọ́. Lẹ́tà ńlá àti kékeré yàtọ̀ nínú KQL, Owo àti owo kì í ṣe ọ̀kan náà. Àmì == ń wo ìyàtọ̀ lẹ́tà nínú ọ̀rọ̀, =~ kì í wò ó. has ń wá odindi ọ̀rọ̀, ó sì yá ju contains tó ń wá inú ọ̀rọ̀. Irú nǹkan kékeré báyìí ni wọ́n máa ń fi yọ àlàfo sínú kóòdù tí wọ́n á ní kí ẹ dí.

Ẹ mọ window pẹ̀lú, ìyẹn bí a ṣe ń gé àkókò sí wẹ́wẹ́ fún ìṣirò. Tumbling ń pín àkókò sí ìwọ̀n kan náà láìsí pé ọ̀kan gun orí èkejì. Hopping lè gun ara wọn, bíi kí ẹ máa wo wákàtí kan tó kọjá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, nítorí náà owó kan lè wọ inú ìṣirò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Session ń dúró títí ọjà á fi dákẹ́ fún iye àkókò tí ẹ sọ, kó tó pa ìwé dé. Sliding àti snapshot náà wà, ẹ ka tiwọn lórí Learn.

Ní ti ààbò, ipò mẹ́rin ló wà nínú workspace, yàrá iṣẹ́ inú Fabric: Admin, Member, Contributor, Viewer. Ẹ mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣe láìṣiyèméjì. Ẹ sì rántí pé dynamic data masking, tó ń fi àmì bo dátà, kì í bo nǹkan kan lójú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ rí nọ́ńbà fóònù, tó sì jẹ́ Contributor, masking nìkan ò yanjú ẹ̀. Ní ti Git, tó ń pa ìtàn àyípadà iṣẹ́ mọ́, àti deployment pipeline, tó ń ti iṣẹ́ láti ibi ìkọ́lé (dev) lọ sí ibi ìdánwò (test), ẹ so workspace kan pọ̀ mọ́ GitHub yín, ẹ ti nǹkan láti dev lọ sí test lẹ́ẹ̀mejì, ó tó.

Fíforúkọ sílẹ̀

Account ti ara yín ni kí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ẹ má lo ti ọ́fíìsì. Mo sọ pé Fabric fẹ́ ímeèlì iṣẹ́, òótọ́ ni, ìyẹn wà fún ìdánrawò. Ìwé ẹ̀rí ní tirẹ̀ máa ń wà lórí account tí ẹ fi kọ ìdánwò, lọ́jọ́ tí ẹ bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ́fíìsì á ti ímeèlì yẹn pa.

Orúkọ tó wà lórí profile yín gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìdánimọ̀ yín mu. Ẹni tí páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀ ń jẹ́ Oluwadamilola tó wá kọ Dammy sí profile ń wá wàhálà. Ẹ wò ó dáadáa ká má bàa fi orúkọ bàbá síwájú níbì kan, kó wà lẹ́yìn níbòmíràn. Ìwé ìdánimọ̀ náà gan-an ni wọ́n fẹ́ rí, àwòrán rẹ̀ lórí fóònù ò tó.

100 ìṣẹ́jú ni ìdánwò náà. Ẹ tún wo èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ò mọ̀: bí Microsoft ò bá ṣe ìdánwò ní èdè tí ẹ fẹ́, ẹ lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi 30 ìṣẹ́jú kún àkókò yín. Kò sí DP-700 ní Yorùbá, ẹ má tijú láti béèrè. Kí ẹ tó mú ọjọ́ ni kí ẹ ti béèrè o, kí wọ́n sì ti gbà kí ẹ tó sanwó. Iye owó ìdánwò yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, èyí tí ẹ bá rí lójú ewé yín nígbà tí ẹ bá yan Nàìjíríà ni tiyín, ẹ má fi ti ẹ̀gbọ́n tó wà ní London ṣírò.

Practice Assessment wà lórí Microsoft Learn, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má há ìbéèrè rẹ̀ sórí. Ẹ ka àlàyé tó wà lábẹ́ èyí tí ẹ gbà àti èyí tí ẹ kùnà, kí ẹ lọ ṣe ohun tó sọ nínú Fabric yín. Nígbà tí ẹ bá ti ń gba 80 nínú ọgọ́rùn-ún láìwo òkè, ẹ mú ọjọ́.

Ilé àbí sẹ́ńtà?

Pearson VUE ló ń bójú tó ìdánwò náà. Ẹ lè kọ ọ́ nílé níwájú kámẹ́rà, ẹ sì lè lọ sí sẹ́ńtà wọn. Tèmi ni pé ẹni tó bá rí sẹ́ńtà tó súnmọ́ ọn, kó lọ síbẹ̀. Nílé, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ yàrá, ẹ ò gbọ́dọ̀ kúrò níwájú kámẹ́rà bí ẹ ò bá sí lórí ìsinmi, ẹ ò gbọ́dọ̀ máa ka ìbéèrè sókè. Ẹ mọ ilé wa. Ọmọdé á ṣílẹ̀kùn, ìyá á ní kí ẹ wá jẹun, iná á lọ, ẹ ò sì lè dìde lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Bó bá jẹ́ ilé náà ni, ẹ lo ínfátà tàbí láátópù tí bátìrì rẹ̀ lágbára, kí fóònù mìíràn tó ní nẹ́tíwọ̀kì ọ̀tọ̀ wà ní títàn láti ṣe hotspot, ṣùgbọ́n kó jìnnà sí ọwọ́ yín. Ẹ ṣe system test wọn lórí láátópù yẹn gan-an, nínú yàrá yẹn gan-an, ní irú wákàtí tí ẹ máa kọ ọ́. Láátópù ọ́fíìsì máa ń ní ààbò tó ń dí software wọn lọ́wọ́, ẹ yá ti ẹlòmíràn bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ yan ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú láàárọ̀. Sátidé ni ọjọ́ tí wọ́n ń na kánópì sójú títì, ẹ ò lè bẹ alága ayẹyẹ pé ẹ̀ ń kọ DP-700. Ẹ ti wà níbẹ̀ ní 30 ìṣẹ́jú ṣáájú, torí wọ́n máa ní kí ẹ ya fọ́tò ara yín, ìwé ìdánimọ̀ yín àti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá. Kí tábìlì yín ṣófo. Bébà àti bírò ò sí nínú rẹ̀, pátákó ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa fún yín.

Nínú ìdánwò náà

Ìbéèrè máa ń wà láàárín 40 sí 60. Case study máa ń wà níbẹ̀, ìtàn gígùn nípa ilé iṣẹ́ kan. Ẹ kọ́kọ́ ka ìbéèrè kí ẹ tó ka ìtàn, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ̀ ń wá nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti jáde nínú apá yẹn, ẹ ò lè padà sí i. Ìbéèrè Bẹ́ẹ̀ ni tàbí Bẹ́ẹ̀ kọ́ tó máa ń tò tẹ̀lé ara wọn náà kì í jẹ́ kéèyàn padà. Bí ẹ bá dìde lọ sinmi, àwọn ìbéèrè tí ẹ ti rí ṣáájú ìgbà yẹn á tì, aago á sì máa lọ.

Ẹ láǹfààní láti ṣí Microsoft Learn nínú ìdánwò náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ èyí, wọ́n dẹ́kun kíkà. Aago ò dúró dè yín nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ojú ewé rẹ̀ sì pọ̀ bí ewéko. Ohun kan pàtó tí ẹ mọ ibi tó wà ni kí ẹ fi wá, bíi àkọtọ́ KQL kan tàbí ohun tí Contributor lè ṣe. Ẹ máa ṣe ìyẹn nílé pẹ̀lú aago kí ọwọ́ yín lè mọ́nà. Ẹ má fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ ní òfìfo, wọn kì í yọ máàkì fún àṣìṣe.

700 nínú 1000 ni máàkì ìyege. Kò túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ gba ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, torí wọ́n máa ń wọn bí ìbéèrè ṣe le tó kí wọ́n tó gbé máàkì jáde. Bí ẹ bá parí, ẹ ó rí èsì yín, pẹ̀lú àwòrán tó ń fi apá tí ẹ ti ṣe dáadáa hàn. Bí kò bá bọ́ sí i, ẹ lè tún un kọ lẹ́yìn wákàtí 24. Láti ẹ̀ẹ̀kejì lọ, ọjọ́ 14 lẹ ó máa dúró, kò sì gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ láàárín oṣù 12. Ẹ má sáré lọ san owó lẹ́yìn wákàtí 24 yẹn. Ẹ gbé àwòrán èsì yẹn síwájú, ẹ padà sínú Fabric pẹ̀lú rẹ̀.

Bí ẹ bá yege, ọdún kan ni ìwé ẹ̀rí náà ń lò. Ó máa ń ṣeé sọ di ọ̀tun láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tó máa parí: ìdánwò kékeré lórí Learn, kò ní kámẹ́rà, kò gba kọ́bọ̀, ẹ sì lè ṣíwèé. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá láìṣe é, ẹ ó tún odindi DP-700 kọ pẹ̀lú owó. Ímeèlì ni Microsoft fi máa ń ránni létí, ẹ wo inú spam yín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.